Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Ti Ilé Wá

Bí ẹnikẹ́ni bá dé ibùdókọ̀ ní Agége ní ìdájí, yóò bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé àpò ìwé kọ́ èjìká láàrin àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn alájàpá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n. Ilé òbí wọn, tàbí yàrá tí wọ́n háyà, ni wọ́n ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Nígbà tí a dá kọ́lẹ́jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, tí a sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Gold Coast ní ọdún kan náà, èrò àwọn olùdásílẹ̀ ni pé inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ àwọn ilé bíi Mellanby àti Tedder sí Ìbàdàn. Yàrá ìjẹun, pápá ìṣeré àti ilé ìkàwé kò jìnnà sí ibùsùn. Ní àkókò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Lónìí, iye wọn ti ju iye ibùsùn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ètò tí a fi ń bójú tó wọn ṣì dà bí ẹni pé inú ọgbà ni gbogbo wọn ń sùn.

Ìnira náà pọ̀ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní Èkó, lítà kan tí kò tó 200 náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ètò owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àjọ NELFUND ń bójú tó, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, 20,000 náírà lóṣù ni a yà sọ́tọ̀ fún ìgbọ́bùkátà. Bí a bá pín in sí ogún ọjọ́ ẹ̀kọ́, 1,000 náírà ni ojúmọ́ kan. Ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, mọ bí èyí ti kéré tó, kí a tó mẹ́nu ba oúnjẹ.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó ní ẹ̀kọ́ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, tí èkejì sì di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Níbo ni yóò jókòó sí láàrin wákàtí wọ̀nyí? Gbogbo ìwé rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Bí a bá lẹ ìkéde ìdánwò mọ́ pátákó ní alẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń gbé inú ọgbà ti kà á kí òun tó dé. Bí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ bá sì pẹ́, yóò dìde kí olùkọ́ tó parí, nítorí ọkọ̀ ń tán lọ lójú ọ̀nà. Àwọn kan yóò ní kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́.

A gbọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ń wí pé kí a kọ́ ilé gbígbé sí i, ọ̀rọ̀ náà sì tan. Òtítọ́ ni pé ó yẹ kí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ ń gba ọdún púpọ̀ àti owó ńlá. Ìyá ọlọ́mọ tàbí òṣìṣẹ́ tí ó ń kàwé kò sì ní fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ibùsùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun tí a ń béèrè kò ju agbára lọ. Kí a kó ẹ̀kọ́ jọ sí ọjọ́ díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá nítorí wákàtí kan ṣoṣo. Kí a pèsè gbọ̀ngàn ìsinmi tí ó ní àpótí alágàdágodo. Kí bọ́ọ̀sì wà fún àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn parí ní alẹ́. Kí ìkéde dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn lórí fóònù, kí ó sì tètè dé. Lékè gbogbo rẹ̀, kí àwọn tí ń ti ilé wá ní aṣojú níbi tí a ti ń ṣe ètò wọ̀nyí.

Iye kan náà ni owó ẹ̀kọ́ tí a gbà lọ́wọ́ wọn. Ó tọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ tiwọn pẹ̀lú.