Ẹ̀rọ Dé, Òṣìṣẹ́ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará sọ ní Challenge, Ìbàdàn

Lára ilé ìtàwé ni a ti mú orúkọ Challenge yìí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti ìdí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ mú ọ̀rọ̀ wa.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni a fi ń to lẹ́tà òjé, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kéékèèké ní Ìbàdàn ṣe é títí ó fi pẹ́. Òjé kò ṣe ara lóore, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tò ó mọ̀ pé bí òun kò bá sí, ìwé kò lè jáde. Ó mọ ibi tí àmì ń gbé, orí rẹ̀ sì ń wú.

Kọ̀ǹpútà wá dé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn di iṣẹ́ ẹnì kan. Ní Wapping, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1986, Rupert Murdoch kó àwọn ìwé ìròhìn rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ó lé wọn kúrò. Wọ́n ju 5,000 lọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ọdún kan, iṣẹ́ kò padà sọ́wọ́ wọn. Ti àwọn ará wa níhìn-ín kò pariwo: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń relé.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìwé Yorùbá púpọ̀ ni a ń tẹ̀ nísinsìnyí láìsí àmì, tí oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fi di ọ̀kan náà lójú òǹkàwé. Ẹ̀rọ náà lè fi àmì sí i. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni a lé lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ yóò wí pé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ti gba àwọn ìyá lọ́wọ́ páànù tí ń họ wọ́n níka. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ẹ̀rọ náà? Òun ni ó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́. Níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti dáwó rà á, àpò ara wọn ni owó náà ń padà sí.

Ohun tí a ń béèrè kò le: kí agbanisíṣẹ́ kọ́ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlò ẹ̀rọ kí ó tó gbé e wọlé, bí èrè bá sì pọ̀ sí i, kí owó oṣù wọn pọ̀ pẹ̀lú. Kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní bóyá ọ̀gá wọn ti sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.