Oúnjẹ Ṣáájú Ewé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlera Ojoojúmọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

     

Iṣu tuntun ti wọ ìlú, Ifá sì ti jẹ tirẹ̀ kí ẹnu ènìyàn tó kàn án. Àwa tí a ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá gbé àìsàn dé ọ̀dọ̀ wa, ewé ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ nà sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a bi í léèrè pé kí ni ó jẹ lánàá, kí ni ó ń jẹ láti ọdún tí ó kọjá, ta ni ó ń se é fún un. Ìdí nìyí tí mo fi sọ àkọlé ọ̀rọ̀ mi báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò ilé wa. Àwọn tí ó bí wa kò gbé ara lé oúnjẹ kan ṣoṣo. Wọ́n ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ń fi epo pupa, ata, edé àti ẹja gbígbẹ sè é. Wọ́n ń rin kókò, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé, ó ń di ebìripo, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Gàárì wa, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí gàárì Ìjẹ̀bú, ọjọ́ mélòó kan ni a ń fi sílẹ̀ kí ó kan dáadáa kí a tó yan án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí adùn nìkan ni. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanide. Rírin ẹ̀gẹ́ náà, fífi í sílẹ̀ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án ni ó ń lé májèlé yìí lọ. Ẹni tí ó bá rin ẹ̀gẹ́ lónìí, tí ó sì yan án lọ́la nítorí pé oníbàárà ń dúró, kì í ṣe adùn nìkan ni ó bàjẹ́. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ májèlé náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye ọjọ́ tí ó yẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrù. Ìrù wooro àti ìrù pẹ̀tẹ̀ ni ó ń mú ọbẹ̀ ta sánsán nígbà tí a wà ní kékeré, oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé èso igi igbá ni. Lónìí, mágì ni ó gba ipò rẹ̀, irú èyí yòówù kí ó jẹ́. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú horo náà. Obìnrin ilé yóò bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, yóò tún fọ́ horo mẹ́ta sí i, ọkọ rẹ̀ yóò sì tún bu iyọ̀ sí i lórí tábìlì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà lápapọ̀. N kò ní kí a má jẹ iyọ̀ o. Iyọ̀ tí a fi áyódìn sí ni ó ń dènà gẹ̀gẹ̀. Ìwọ̀n ni mo ń wí.

Ní ti ẹ̀fọ́, àjọ kan náà ní kí ènìyàn máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí ó tó gíráàmù 400 lójúmọ́. Ẹ wo ohun tí ó wà ní ilẹ̀ wa: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ẹ̀bòlò, amúnútutù, ewédú, ewúro. Kò sí èyí tí a ń ti òkè òkun kó wá nínú wọn. Ní Ìkẹ́nnẹ́ níhìn-ín, ní ọdún 1956, olóògbé Tai Ṣólàrín àti aya rẹ̀, Sheila, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀. Ṣólàrín kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé mo ń yin ará ilé mi. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ro oko, kí wọ́n gbin ohun tí wọn yóò jẹ, kí wọ́n sì sin ẹran. Ọ̀pọ̀ òbí bínú nígbà náà pé ìwé ni àwọn rán ọmọ lọ kà. Mo bi ara mi, mo sì bi yín: mélòó nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Ọ̀sanyìn ni ó ní ebè ẹ̀fọ́ kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó ń ta obì wá sọ́dọ̀ mi. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó ní oògùn náà ti sú òun. Mo dá Ifá, a rú ẹbọ tí ó jáde, mo sì ṣe àgbo fún un. N kò ní kí ó pa oògùn òyìnbó tì. Ṣùgbọ́n n kò kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe pa á tì. Ìdákẹ́jẹ́ mi ni ó gbọ́ bí àṣẹ. Ní oṣù mẹ́ta, orí kò fọ́ ọ mọ́, ó gbé ọtí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn. Ní oṣù kẹrin, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ó ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń ka obì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí èsì fún títí di òní: “Baba, ṣé ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò nígbà tí ẹ ní ara wọn ti yá?”

N kò wọ̀n ọ́n. Orí tí kò fọ́ mọ́ ni mo gbára lé. Mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké. Ènìyàn lè máa jó níbi ọdún kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ga. Bí ẹ̀rọ bá ń kà á léraléra ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ti wọlé nìyẹn, yálà ó dun ẹni náà tàbí kò dùn ún.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ti wá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ewé. Rárá o. Nítorí pé ewé ní agbára ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa mọ asofẹ́yẹjẹ, a sì mọ bí àwọn baba wa ṣe ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan jáde láti ara ìbátan igi yìí tí ó wà ní Íńdíà, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Ó ń mú ọkàn rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí olóògbé Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ pọ̀, dókítà ará Kánádà kan wà tí ń jẹ́ Raymond Prince. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1960 pé àwọn adáhunṣe Yorùbá ń lo igi yìí fún ìtọ́jú wèrè. Wọn kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n igi kan náà yìí, bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kọjá ààlà, ó sì lè mú kí ìbànújẹ́ bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí ó ń mu ún bá tún ń lo oògùn ilé ìwòsàn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, méjèèjì yóò pàdé nínú ara kan ṣoṣo. Ewúro náà ń kọ́? Wọ́n ti dán an wò lára eku, ó sì dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ó dára nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ti gba abẹ́rẹ́ tàbí tí ó ti lo oògùn, tí ó wá mu ife omi ewúro gbọ̀ngbọ̀n lé e lórí, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé yóò dákú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pé, “Kí ni o ń lò tẹ́lẹ̀?” kí a tó fọwọ́ kan ewé.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yìí yóò bí àwọn kan nínú. Ó kan àgbo ọmọ tuntun. Wọ́n fi ọ́ tọ́ èmi náà, ó sì yè mí. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò yè kò sí níhìn-ín láti sọ tiwọn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wàrà ọmú ìyá nìkan ni ó yẹ kí ó wọ ẹnu ọmọ. Kò gba omi, kò gba àgbo. Omi ni ó pọ̀ jù nínú wàrà náà, òùngbẹ kò ní gbẹ ọmọ. Inú ọmọ ọwọ́ kéré, ìdọ̀tí díẹ̀ nínú omi àgbo tó láti dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́ tí ó pọ́n bí omi ìyeyè, tí àwọn kan ń fún dànù, òun gan-an ni ààbò tí ìyá fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ. Ti ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Ti ẹnu ni mo ń bá wí. Bí a bá fẹ́ ṣe ìtọ́jú, ìyá ni kí a bọ́: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Ṣàgámù ni ìlú obì. Àwọn Hausa tí ó wà ní Sábó kò wá síbẹ̀ nítorí ohun mìíràn. Obì wà nínú iṣẹ́ wa ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. Ó ń lé oorun, ó ń pa ebi, ó sì ń mú àyà sáré. Awo tí ó bá jẹ obì mẹ́rin láti àárọ̀, tí ó fi ọtí lé e, tí kò jẹun títí di ìrọ̀lẹ́, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí òòyì bá kọ́ ọ. Ifá tọ́ obì wò, ó tọ́ ọtí wò; kò sí ibi tí a ti ní kí a mu ìgò náà tán. Ní ti paraga tí wọ́n ń tà fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn kan ń fi orúkọ wa tà, ọtí líle ni, gbòǹgbò tí a rẹ sínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di oògùn.

Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí a bá tẹ ènìyàn nífá, a ń sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹni tí a ní kí ó má ṣe mu ẹmu kì í mu ún títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó má ṣe jẹ ẹran kan, yóò kọ̀ ọ́ níwájú àna rẹ̀. N kò mọ dókítà tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, wọn yóò gbàgbé kí wọ́n tó dé ilé. Ẹnu tiwa ni wọ́n ń dúró dè, a kò sì tíì lò ó fún ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ni pé kí a ra ẹ̀rọ tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ilé Ifá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ má ṣe gba àgbo lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a ti rí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, kí a sì kọ ohun tí a fún un sílẹ̀, ewé àti ìwọ̀n rẹ̀, kí dókítà lè kà á. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù níhìn-ín. Kì í ṣe ìlú òkèèrè.

Mo ti mú ẹ̀rọ kan wá lónìí. Nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ọmọ awo ti jókòó sábẹ́ igi ọdán tí ó wà lápá ọ̀tún yẹn. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ obì, ẹ má sì ṣe mu ọtí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó wọ̀n yín. Èmi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀n, n ó sì ka nọ́ńbà mi sókè kí gbogbo yín gbọ́.