Àmánà Ni Abọ́ Oúnjẹ

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ abọ́ ike lè dà bí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán tí kò yẹ kí ó dé mọ́sáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ó kọ́ ènìyàn ní bí yóò ti wọ ilé ìyàgbẹ́ kò lè dákẹ́ lórí ohun tí a ń kó oúnjẹ sí. Ní àsìkò ìṣínu Ràmàdáànì, wálímà, ìsọmọlórúkọ àti Ìléyá, abọ́ ike ọlọ́mọrí a máa rìn láti ilé dé ilé. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀tọ́ mẹ́ta máa ń sọnù: ẹ̀tọ́ oúnjẹ, ẹ̀tọ́ ara, àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni abọ́.

Èkínní ni ẹ̀tọ́ oúnjẹ. Nínú Súrà Al-A‘raf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu, Ó sì kọ àṣejù. Ìrẹsì tí a dà sínú gọ́tà lẹ́yìn wálímà, nígbà tí aládùúgbò ń sùn pẹ̀lú ebi, àṣejù ni. Abọ́ tí ó ní ọmọrí lè gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ là, bí a bá tètè lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ẹ̀kọ́ kan jáde ní ọdún 2001 pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà níta ju wákàtí 2 lọ. Kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó tutù tó ìwọ̀n 5 sẹ́ńtígíréèdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a sì tún un gbé kaná títí yóò fi gbóná ju ìwọ̀n 70 lọ. Abọ́ kéékèèké tí kò jinlẹ̀ ni ó yẹ kí a pín in sí, nítorí oúnjẹ tí ó pọ̀ nínú abọ́ ńlá kì í tètè tutù ní àárín.

Ti ìrẹsì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò yìí a pọ̀ sí i, a sì tu májèlé tí dídín tàbí gbígbóná kò lè mú kúrò. Nítorí náà, níbi tí iná mànàmáná kò bá sí, kí a pín oúnjẹ náà ní kíá, nígbà tí ó ṣì dára. Ẹni tí ó dúró títí ó fi kan, kí ó tó gbé e fún aláìní, kò ṣe sàráà. Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 267, ti kìlọ̀ nípa fífi ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ gbà tọrẹ.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ ara. Kì í ṣe gbogbo ike ni ó wà fún oúnjẹ. Ike ọ̀dà, ike epo ọkọ̀ àti ike oògùn apakòkòrò kò lè di abọ́ oúnjẹ, bí ó ti wù kí a fọ̀ wọ́n tó. Bí a bá dojú abọ́ dé, a sábà máa ń rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 5 a máa gba oúnjẹ gbígbóná dáadáa. Èyí tí ó jẹ́ 1, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, kò yẹ fún ẹ̀kọ gbígbóná.

Ní oṣù January ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ ń bu oúnjẹ sí. Ẹni tí ó bá fi abọ́ tí ó nípọn rọ́pò rẹ̀ ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá lò ó lẹ́ẹ̀kan tí ó sì jù ú nù, ìwà àpà kan náà ni.

Fífọ̀ rẹ̀ kò nira. Kí a kọ́kọ́ nu epo kúrò, kí a sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kànìnkànìn rírọ̀ ni kí a lò, nítorí ti onírin a máa ha ike, ìdọ̀tí a sì sá pamọ́ sínú ojú ibi tí ó ha. Kí a má gbàgbé kòtò etí ọmọrí. Kí abọ́ gbẹ dáadáa kí a tó dé e, nítorí omi tí a sé mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń mú un rùn. Àwọ̀ epo pupa tí ó kù lẹ́yìn fífọ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin; ṣùgbọ́n abọ́ tí ó ti sán, kí a fi kó abẹ́rẹ́ àti òwú. Jabir sì gbà á wá, nínú Bukhari àti Muslim, pé Ànábì pàṣẹ kí a máa bo ohun èlò ní alẹ́, ìbáà ṣe igi ni a fi dábùú ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni abọ́, òun sì ni ó wúwo jù. Anas ròyìn, nínú ìwé Bukhari, pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì fi abọ́ oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó wà ní ilé òmíràn. Onílé fi owú gbá ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá, abọ́ sì fọ́. Ànábì ṣa àfọ́kù àti oúnjẹ jọ, ó dá ẹni náà dúró, ó sì gba abọ́ tí ó pé lọ́wọ́ onílé, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fọ́ tirẹ̀. Èyí tí ó fọ́ dúró sí ilé ẹni tí ó fọ́ ọ.

Abọ́ amọ̀ tàbí abọ́ igi kò ju ike lọ ní ojú àmánà. Síbẹ̀, bí Ràmàdáànì bá parí, abọ́ tí àwọn ìyá gbé oúnjẹ ìṣínu wá a kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́sáláṣí: òmíràn kò ní ọmọrí mọ́, òmíràn ti dé ilé ìdáná ẹlòmíràn. Bí ìyá bá béèrè, èsì tí ó ń gbà ni pé ike lásán ni. Ìyá tí abọ́ rẹ̀ kò padà ní ọdún mẹ́ta lè má gbé oúnjẹ wá ní ọdún kẹrin. Ebi rẹ̀ yóò sì pa aláàwẹ̀ tí kò ní ilé nítòsí. Súrà An-Nisa, ẹsẹ 58, pàṣẹ kí a dá àmánà padà fún olówó rẹ̀. Kò yọ ike sílẹ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù kọ orúkọ sí ìdí abọ́ àti sára ọmọrí. Kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní ìwé tí wọn yóò máa kọ iye abọ́ tí ó wọlé sí. Kí wọ́n fọ̀ wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì dá wọn padà kí ọjọ́ ọdún tó dé. Èyí tí ó bá sọnù, kí a ra òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu nìkan kò tó. Kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin má sì fi fífọ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nìkan, nítorí Aisha jẹ́rìí pé Ànábì a máa bá ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé.

Ẹni tí kò lè dá abọ́ ìyá aládùúgbò padà, báwo ni a ó ṣe fi àpò owó ẹgbẹ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀? Kí Ọlọ́hun fi gbogbo Mùsùlùmí ṣe olùṣọ́ àmánà, kí Ó sì gba sàráà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣe é. Àmín.