Káàdì Ìpè Ti Ń Kógbá Sílé

Ọ̀rọ̀ káàdì ìpè tí à ń fi èékánná ha ló wà nílẹ̀ lónìí. Ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà, tòun ti káàdì náà. Nígbà yẹn, èèyàn lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ilé-iṣẹ́ fóònù sì gba owó odindi ìṣẹ́jú kan. Ó di 2003 kí ilé-iṣẹ́ Glo tó dé, tó ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Káàdì yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ìyá wa di oníṣòwò abẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Ní báyìí, ẹni tó lówó ní báǹkì kàn ń tẹ nọ́ńbà díẹ̀ lórí fóònù, owó ìpè á sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò sí bébà títẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e kiri. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà yìí fi ń wu àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù.

Ìyá àgbà tí kò ní àkáǹtì ńkọ́? Owó ọwọ́ ló ń fi ra tirẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí káàdì pòórá ní abúlé tí kò tíì sí oníPOS tí yóò gba owó ọwọ́, kó sì fi owó ìpè ránṣẹ́ síni.