Ọ̀dà Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tó Ń Mú Ooru Oòrùn

Ọ̀rọ̀ irin àti oòrùn ni a fẹ́ sọ lónìí.

Bí a bá sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ lórí iná, tí a na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi kàn án, ooru yóò bá wa. Kí ló dé ọwọ́ wa? Ìtànṣán kan ni, ojú kò rí i. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń tú u jáde.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni irin tó wà nínú oòrùn ń ṣe. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ó sì ń tú ooru jáde. Ọ̀dà dúdú lásán ń gba oòrùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń tú ooru púpọ̀ jáde. Irin dídán kì í tú ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá oòrùn púpọ̀ padà. Ǹjẹ́ a lè rí èyí tí yóò gba púpọ̀, tí yóò sì tú díẹ̀?

Ní 1955, Harry Tabor, onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì, fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ó fi ìpele dúdú kan, tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ púpọ̀púpọ̀, bo irin dídán. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ oòrùn kúrú, ìpele náà ń mú un. Ìgbì ooru gùn, ìpele náà kò sì nípọn tó láti kàn án. Irin dídán tó wà nísàlẹ̀ ló kù, òun sì háwọ́. Ó dà bí ìgèrè: ẹja wọlé, kò rọrùn fún un láti jáde. Irú ìpele bẹ́ẹ̀ lè gba 90 nínú 100 oòrùn, kí ó sì tú nǹkan bí 10 péré níbi tí ọ̀dà dúdú lásán ti ń tú 90. Òun ni wọ́n fi ń gbé omi gbóná láìdá igi.

Òrùlé wa kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Páànù tuntun háwọ́ ooru, ìdí nìyí tó fi ń jóni lọ́wọ́ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ ń dán. Èyí tó ti dípẹtà ń gba oòrùn púpọ̀. Ọ̀dà funfun ló yẹ páànù: ó ń dá oòrùn padà, ó sì ń tú ooru jáde fàlàlà. Àwọn ọmọ tó jókòó kàwé lábẹ́ rẹ̀ yóò rí ìtura.

Ẹ dán an wò. Ẹ gé páànù méjì, ẹ kun ọ̀kan ní funfun, ẹ sá wọn sí oòrùn. Bí ó bá di ọ̀sán, ẹ rọra fi ọwọ́ kan abẹ́ wọn. Ọwọ́ yín ni yóò jẹ́rìí.