Ewúrẹ́ Ọjà'ba àti Ẹ̀yin Onímọ́tò

Púpọ̀ nínú yín ló wa mọ́tò wá láti Èkó àti Àbújá, tí ẹ ó sì gba Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba kọjá kí ẹ tó délé baba yín. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ojú títì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹran tí ẹ ń rí ní Bẹyẹrunká yẹn kì í ṣe ẹran tí kò lólúwa. Àwọn ìyá àgbà ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíràn gbà á sìn ni: bó bá bímọ, òun àti olówó ẹran á jọ pín in. Àkísà tí ẹ rí lọ́rùn rẹ̀, àmì nìyẹn. Láàárọ̀ á jáde lọ wá èèpo iṣu àti háríhá àgbàdo, nírọ̀lẹ́ á padà wálé. Agboolé ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, títì ló wá bá a.

Bí ìyá ewúrẹ́ bá ti sáré kọjá, ẹ má tíì tẹ mọ́tò, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgùntàn tún le jù: bí ọ̀kan bá ti ṣáájú, ìyókù á tẹ̀ lé e, ì báà ṣe abẹ́ táyà. Fèrè kò já mọ́ nǹkan kan létí ewúrẹ́ ìgboro. Òfin ìrìnnà fún wa ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, ìdajì rẹ̀ gan-an ti pọ̀ jù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbà kí mọ́tò tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé kí ẹ má ṣe tìtorí ẹran já sítíárìn lójijì. Àwọn aláta wà létí títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, ọlọ́kadà sì wà lẹ́yìn tiyín. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ di sítíárìn mú. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, ẹran ni kó kú.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sá. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n á ní ó lóyún; gbogbo ewúrẹ́ tí mọ́tò bá pa n'Íbàdàn ló máa ń lóyún, àti òbúkọ pàápàá. Ẹ rọra ná an, kí ẹ sanwó.

Àwọn kan ní òfin tí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019 lórí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba ti parí ọ̀rọ̀. Òfin wà lóòótọ́, àmọ́ màlúù inú oko ni ariwo rẹ̀ dá lé. Ìyá arúgbó tó ní ewúrẹ́ méjì ńkọ́, níbi tí ilé ti fara kan ilé? Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín dẹ̀, ẹ bá ìyá yín wá igun kan nínú agboolé, kí ẹ fi pákó ṣe ọgbà fún wọn kí ẹ tó padà. Pákó díẹ̀ àti ìṣó ló gbà, káfíńtà ò sì wọ́n ní Bẹẹrẹ.