Táìmù Nínú Ìkòkò: Bí A Ṣe Lè Gbìn Ín Láti Orí Irúgbìn Nílé Wa Ní Jos



Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ dábàá pé kí a mú nínú owó àkójọ, kí a fi ra irúgbìn táìmù fún àwọn opó àárín wa, kí wọ́n gbìn ín sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn tí ń se oúnjẹ òde. Àbá náà dára. Ṣùgbọ́n bí a bá pín irúgbìn fún olúkúlùkù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé inú iyẹ̀pẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó náà yóò jẹrà sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kò sí ilé tó ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò mọ táìmù àti kọ́rì, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kò rí táìmù láàyè rí. Inú náílọ́ọ̀nù la ti mọ̀ ọ́n. Ewéko kékeré ni, kì í sábà ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìtì rẹ̀ le bí igi, ewé rẹ̀ kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni ilé rẹ̀, lórí òkè olókùúta tí oòrùn ti ń ràn gan-an. Ẹni tó bá rántí èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: táìmù fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ atẹ́gùn, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi.

Òórùn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thymol ló wà nínú òróró rẹ̀, thymol yìí kan náà sì pọ̀ nínú efinrin ńlá tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ fún ẹni tí inú ń run. Láàárín 1909 sí 1914, òun ni àwọn dókítà ètò Rockefeller lò fún aràn inú ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí mu òróró táìmù o. Ewé inú ọbẹ̀ yàtọ̀ sí òróró inú ìgò.

Ibi tí a wà yìí bá a lára mu ju ilé lọ. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, ìtutù yìí náà ló jẹ́ kí pòtétò máa ṣe dáadáa níbí. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ọ̀rinrin ni yóò kọ́kọ́ bá a jà, kí ooru tó dé. Ní Jos, òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, oṣù kẹwàá ni kí a fọ́n irúgbìn, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kí òjò tuntun tó dé ní oṣù kẹrin, gbòǹgbò rẹ̀ á ti múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn gan-an ló gba sùúrù. Ó kéré bí áṣáà. Gíráàmù kan lè ní ju 3,000 lọ. Ẹ wo déètì ara páàkì, nítorí èyí tó bá ti ju ọdún 3 lọ kì í fẹ́ hù mọ́. Ilé ìtajà kan wà tó ta èyí tí wọ́n ti ha déètì rẹ̀ kúrò fún mi, n kò sì jẹ́ kó dé inú ilẹ̀ rárá. Mo ka hóró 20 sórí tíṣù tútù nínú àwo, mo bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, méjì péré ló yọ. Ẹ dán tiyín wò bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọ́n ọn.

Ẹ mú ike bọ́tà tí a ti dá ihò sí nídìí. Ẹ po ìwọ̀n 2 ilẹ̀ tí a ti sẹ́ mọ́ ìwọ̀n 1 iyanrìn odò. Ìgbẹ́ adìyẹ kò sí níbẹ̀ o. Táìmù tó bá jẹun yó jù a máa rọ̀, òórùn rẹ̀ a sì dín kù. Ẹ da omi híhó sórí ilẹ̀ náà, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Àrùn kan wà tó ń jẹ ìdí ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù: lálẹ́ ó dúró, láàárọ̀ ó ti dùbúlẹ̀. Omi híhó yẹn ń dín in kù. Ẹ po irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó lè tàn káàkiri, ẹ fọ́n ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ike afọ́nmi tí àwọn alágbàfọ̀ ń lò ni kí ẹ fi fún un lómi. Náílọ́ọ̀nù funfun tó mọ́ gaara ni kí ẹ fi bo ojú ike, níbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kì í pa tààrà. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni yóò fi hù. Tó bá ti hù, ẹ ṣí náílọ́ọ̀nù náà, kí ẹ sì mú un sún mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá tó nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà, ẹ lọ́ ọ sínú ìkòkò.

Ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ ni. Opó tó ń kiri ọjà Farin Gada láti àárọ̀ kò ní ráyè fọ́nmi sí ike lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún oṣù méjì. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí a má pín irúgbìn. Kí ẹgbẹ́ ra páàkì 3 péré, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì hù ú, kí a tọ́ ìyá táìmù 10 dàgbà. Lára ìyá yìí la ó ti máa gé ẹ̀ka. Ẹ̀ka tútù tó gùn tó 8 sẹ̀ǹtímítà, tí a já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, tí a rì bọ iyanrìn tútù, a máa ta gbòǹgbò láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ìyẹn ni kí a fún àwọn opó, nínú ìkòkò, nígbà tó bá ti dúró.

Ní ti títà, ewé tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún àwọn alásè, nítorí tó bá gbẹ tán, ìwọ̀n rẹ̀ kì í ju ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí a so rọ̀ síbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oòrùn máa ń gba òórùn rẹ̀. Kí wọ́n gé e kó tó tanná, kí wọ́n má sì gé wọ inú igi ìdí rẹ̀, torí kì í tètè rúwé níbẹ̀ mọ́.

Bí ìgbìmọ̀ bá gba ìmọ̀ràn yìí, kí wọ́n fọwọ́ sí owó páàkì 3 náà kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Mo gbé ìkòkò táìmù 2 wá. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì akọ̀wé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá fẹ́ rí bí a ṣe ń gé ẹ̀ka, kí ẹ bá mi níbẹ̀ tí a bá jẹun tán.